Sagbo àti Ọ̀nà Tí Wọ́n Ká Sínú Táyà

Bí ọyẹ́ bá mú dáadáa ní Àgbádárìgì, tí ẹ bá dúró sí etí ọ̀sà láàárọ̀, ẹ ò ní mọ ibi tí omi parí sí, ẹ ò sì ní mọ ibi tí ojú ọ̀run ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ á dà bí aṣọ kan ṣoṣo tí aró rẹ̀ ti ṣá. Inú aṣọ yẹn ni mo ti kọ́kọ́ rí Sagbo. Táyà ni mo tilẹ̀ kọ́kọ́ rí ná. Ó ń yí bọ̀ lórí iyanrìn tútù, òun nìkan, láìsí mọ́tò lórí rẹ̀, bí àgbàlagbà tó jí lọ gba atẹ́gùn. Ẹnu mi ti ń sọ pé ẹ káàárọ̀ kí n tó rí ọkùnrin tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, tó ń fi ọwọ́ kan tì í, tó sì gbé etí sún mọ́ ọn. Ó ní kí n má pariwo, pé táyà náà ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́.

Orí rẹ̀ pé o. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Àwọn kan wà tó ń lẹ táyà tó bá jò, àwọn kan sì wà tó ń tà á. Sagbo kì í lẹ̀ ẹ́, kì í sì í tà á. Tirẹ̀ ni pé kí ẹ gbé táyà wá, kí ó sọ bí ọ̀nà tó kù nínú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ó gbà pé láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe táyà ni wọ́n ti ká ọ̀nà sínú rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá ká òwú mọ́ igi. Bí mọ́tò bá ṣe ń lọ, ọ̀nà yẹn ló ń tú sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ tó bá tú tán, táyà bẹ́ nìyẹn, ibi tí ẹ bá sì wà lẹ máa sùn.

Ọwọ́ Dosu, bàbá rẹ̀, ló ti jogún iṣẹ́ yẹn. Láyé àwọn òyìnbó, nígbà tí mọ́tò ṣì ṣọ̀wọ́n débi pé ajá Àgbádárìgì á gbó o títí, ajá Aradagun á gbà á lẹ́nu wọn, òyìnbó kan gbé mọ́tò wá sí etíkun wa. Kò fẹ́ fi lọ síbì kankan. Ó kàn fẹ́ mọ bí táyà ṣe ń jẹ ni, lórí iyanrìn, lórí ìkarahun, lórí ilẹ̀ pupa. Wọ́n so ọkọ̀ ojú omi mọ́ ara wọn, wọ́n to pákó lé e, wọ́n sì gbé mọ́tò náà kọjá ọ̀sà lọ sí ìhà òkun. Bàbá mi sọ fún mi pé ojú òun ló ṣe. Ó ní ìkùukùu bo omi lọ́jọ́ náà. Wọn ò rí ọkọ̀, wọn ò rí àwọn tó ń tù ú. Mọ́tò nìkan ni wọ́n rí tó ń lọ jẹ́jẹ́ nínú funfun, fìtílà iwájú rẹ̀ méjèèjì là sílẹ̀ bí ojú ẹja, òyìnbó sì jókòó sínú rẹ̀, ó ń mu tíì. Bàbá mi mọ irọ́ pa jù mí lọ, ṣùgbọ́n èyí mo gbà á gbọ́, àfi tíì yẹn.

Iṣẹ́ Dosu ni láti máa rìn tẹ̀lé mọ́tò náà nígbà tí òkun bá fà sẹ́yìn, tí iyanrìn bá le. Bí wọ́n bá lọ síwájú díẹ̀, òyìnbó á dúró, Dosu á bẹ̀rẹ̀, á ki èékánná àtàǹpàkò bọ ojú táyà láti wo bó ṣe jìn sí, á sì kígbe rẹ̀ ní Gun, nítorí kò gbọ́ èdè mìíràn. Wọ́n ní òyìnbó náà gbọ́ Gun nígbà tó yá débi pé ó ń fi bú àwọn alákàn. Nígbà tó máa padà sílùú rẹ̀, kò sí ọkọ̀ òkun tó gbà láti gbé mọ́tò tí iyọ̀ ti jẹ tó báyẹn. Ó fi í sílẹ̀ fún Dosu. Dosu ò mọ̀ ọ́n wà, kò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n wà. Ó ní ẹni tó bá jókòó sórí mọ́tò ò lè rí táyà. Ó gbé e sábẹ́ igi àgbọn lẹ́yìn ilé rẹ̀, adìẹ sì ń yé sórí àga rẹ̀ títí Dosu fi kú.

Bí Sagbo ṣe di ọlọ́mọ́tò láìlè wa mọ́tò nìyẹn.

Kò sí ẹni tó ka iṣẹ́ rẹ̀ sí nǹkan títí àwọn ológun fi gbàjọba, tí ọjà wá wọ́n gógó. Wọ́n ti ibodè. Ìrẹsì, à ń tò fún un. Ọṣẹ, à ń tò fún un. Ṣọ́jà á dúró tì wá pẹ̀lú kòbókò, bí ẹni pé àwa la jí ọṣẹ náà kó pamọ́. Táyà tuntun wá di ohun tí èèyàn ń rí lójú àlá. Awakọ̀ á tú táyà mọ́tò rẹ̀ nírọ̀lẹ́, á gbé e wọlé, á sì tẹ́ ẹní fún un. Mo mọ ọkùnrin kan ní Aradagun tí ìyàwó rẹ̀ kó jáde nílé nítorí pé táyà ló ń sùn sí ìhà ògiri.

Nígbà náà ni gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ lọ sọ́dọ̀ Sagbo. Ó máa ń tẹ́ iyanrìn tútù sílẹ̀ létí ọ̀sà, á yí táyà kọjá lórí rẹ̀, á sì jókòó ti àmì tó fi sílẹ̀, á máa wò ó bí ẹni ń wo ojú ọmọ tó ń sùn. Á gbóòórùn rọ́bà náà. Á fi ṣe ìrọ̀rí ní ọ̀sán, á ní òun ń gbọ́ afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀. Àwọn awakọ̀ á máa bẹ̀ ẹ́ pé kí ó tún un wò, pé ṣé kò lè dé Mushin. Á ní ó lè dé Mushin, pé àwọn ni wọn ò ní bá a débẹ̀. Ó máa ń ṣì í náà o. Ó sọ fún awakọ̀ ẹlẹ́ja kan pé táyà rẹ̀ ò ní rí oṣù tuntun. Ọkùnrin yẹn fi táyà náà lọ sí Ìbàdàn, ó fi padà, ó sì tún rí i tà fún ẹlòmíràn. Fún bí ọ̀sẹ̀ kan Sagbo ò lè jẹun. Ó ní àfi bí ọ̀nà Ìbàdàn bá ti kúrú sí i.

Ibi tí mò ń lọ gan-an ni ọ̀rọ̀ Grace.

Ọmọ Iworo ni Grace. Òun àti ìyá rẹ̀, Zipporah, ló jọ ń se òróró àgbọn, òun ló sì ń gbé e wá tà ní ọjà Agbalata. Arẹwà ni, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú tó fi jẹ́ pé àwọn oníbàárà máa ń san owó rẹ̀ láì nájà. Akọ̀wé káńsù kan tó ń jẹ́ Mákánjú ló kọ́kọ́ fẹ́ gbé e níyàwó. Lọ́jọ́ tó fẹ́ lọ fi ara han Zipporah, ó yá mọ́tò ọ̀gá rẹ̀, ó gbé Grace sínú rẹ̀ pẹ̀lú bàtà gogoro. Wọ́n kọjá Aradagun díẹ̀, táyà bẹ́. Mákánjú ní kí ó dúró, òun fẹ́ wá ẹni tó máa lẹ̀ ẹ́ lọ. Mo rò pé ó ṣì ń wá a. Nígbà tí oòrùn yí, Grace bọ́ bàtà sọ́wọ́, ó fẹsẹ̀ rìn dé Iworo nínú eruku pupa, àwọn ọmọdé sì ń kọrin lẹ́yìn rẹ̀ pé ìyàwó onímọ́tò, ẹsẹ̀ rẹ ń kọ́. Orin yẹn ò tán nílẹ̀ ní Iworo. Bó bá ti fẹ́ kọjá, ẹnì kan á ṣáà sín in jáde.

Láti ìgbà náà, bí ọkùnrin bá bá a sọ̀rọ̀ ìfẹ́, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló máa ń wò kó tó dáhùn.

Sagbo ti lé ní ogójì ọdún, kò sì tíì fẹ́yàwó. Lọ́jọ́ ọjà kan, lójú gbogbo èèyàn, ó lọ dúró síwájú igbá òróró Grace, ó sì sọ pé òun fẹ́ ẹ, láìfi ohunkóhun pamọ́. Grace wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

"Bọ̀dá Sagbo, mo gbọ́," ó ní. "Ẹ fi mọ́tò bàbá yín gbé mi láti Agbalata níbí. Bí ẹsẹ̀ mi ò bá kan ilẹ̀ títí màá fi dé ẹnu ọ̀nà ìyá mi, màá fẹ́ yín. Bó bá kan ilẹ̀, ẹ má wá ra òróró lọ́wọ́ mi mọ́."

"Èmi ò ra òróró lọ́wọ́ rẹ rí."

"Mo mọ̀. Òórùn rẹ̀ lẹ máa ń wá gbọ́."

Ọjà rẹ́rìn-ín. Sagbo náà rẹ́rìn-ín, ó sì lọ sílé lọ lé adìẹ kúrò lórí àga.

Ẹ̀ńjìnnì kọ́ ni ìṣòro. Ìbátan rẹ̀ kan, ọmọ Gun bíi tirẹ̀, tó ń tún ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe, ló yọ ọ́ lẹ́nu títí ó fi sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn ọkọ̀ ojú omi ló ń sọ títí lọ. Táyà ni ìṣòro. Táyà ayé àtijọ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ga. Kò sí irú rẹ̀ lọ́jà nígbà tí ọjà pọ̀ pàápàá. Sagbo wá a kiri bí ẹni ń wá ẹbí tó sọnù. Ọ̀kan gba ojú omi wá láti ìhà Àjàṣẹ́ ní òdìkejì ibodè, ó sùn sábẹ́ ẹja gbígbẹ nínú ọkọ̀, kọ́sítọ́ọ̀mù ò sì gbóòórùn rẹ̀. Ó rí méjì lára ọkọ̀ tí káfíńtà kan fi ń gbé òkú nígbà kan rí. Ó rí ẹ̀kẹrin tí wọ́n so mọ́ igi máńgòrò ní Àjàrá, àwọn ọmọdé ń fi ṣeré jangirọ́fà. Ó ní òun fẹ́ràn ìyẹn jù, pé ọ̀nà inú rẹ̀ ò tíì tú rárá, òfuurufú nìkan ló ti ń rìn.

Gbogbo ìgbà ọyẹ́ yẹn ló fi dán wọn wò. Bí bàbá rẹ̀ ṣe ṣe é ni òun náà ṣe é. Ìbátan rẹ̀ á wa mọ́tò náà jẹ́jẹ́ létí ọ̀sà, lórí iyanrìn, lórí ìkarahun, lórí ilẹ̀ pupa. Sagbo á máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á gbé ọwọ́ lé irin tó bo táyà, ojú rẹ̀ á sì wà nílẹ̀. Bí wọ́n bá dúró, á ki èékánná bọ̀ ọ́. Á pààrọ̀ ti iwájú sí ẹ̀yìn, ti ẹ̀yìn sí iwájú. Láti òkèèrè, bí ẹ bá rí wọn nínú ìkùukùu, ẹ ó rò pé ọkùnrin kan ló ń mú màlúù arúgbó kan lọ mu omi. Níkẹyìn ó wá bá mi nílé, ó ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á dé Iworo, wọ́n á sì ní díẹ̀ kù lára. Ohun kan ṣoṣo tó ń ba òun lẹ́rù ni afẹ́fẹ́. Ó ní táyà tó bá ti pẹ́ láyé, kì í fẹ́ kí wọ́n fún un ní afẹ́fẹ́ yó. Kí ó jẹ díẹ̀, kí ó máa mí, kí mọ́tò sì máa rọra.

Nígbà tí ọjọ́ náà pé, orúnkún ìbátan rẹ̀ wú bí àgbọn. Kò lè tẹ bíréèkì. Sagbo bá sáré lọ bẹ Sùlàímọ́nù, ọmọ Ẹ̀pẹ́ kan tó wá ń wa ọkọ̀ iyanrìn ní ìlú wa, tí ọkọ̀ rẹ̀ sì ti jókòó sílẹ̀ nítorí táyà. Ọmọlúàbí ni Sùlàímọ́nù, awakọ̀ gidi sì ni. Ó ní òun á ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí ìyàwó. Ohun tí kò ní ni èdè Gun. Kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan fún yín níbí, kí ẹ lè bá mi lọ. Nínú èdè Gun, bí a bá fẹ́ kí èèyàn ṣe jẹ́jẹ́, dẹ̀dẹ̀ là ń sọ fún un. Sagbo gbọ́ Yorùbá dáadáa, ó ń fi í ná ọjà, ó ń fi í jà. Ṣùgbọ́n bí àyà rẹ̀ bá ti ń já, Gun ló máa ń ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ẹni tó bá wá jẹ́ pé Yorùbá nìkan ló gbọ́, tí ẹnì kan dúró ti táyà, tó nawọ́ sí ìsàlẹ̀, tó ní dẹ̀dẹ̀, kí lẹ rò pé ó gbọ́? Ó gbọ́ pé táyà ti dẹ̀.

Wọ́n gbéra ní Agbalata nígbà tí ọyẹ́ ò tíì ká. Grace gba orí àpótí ọjà bọ́ sínú mọ́tò, ó wọ aṣọ búlúù, ó sì wọ bàtà gogoro ọjọ́sí gan-an. Sagbo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Sùlàímọ́nù wà nídìí sítíárìn, páǹpù wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Grace sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun ò mọ̀ pé mọ́tò ń lọ. Àwọn igi àgbọn ló ń rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, wọ́n ń jáde nínú funfun lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kí òun, wọ́n ń padà wọ inú funfun. Ó ní òun gbọ́ ohùn ọkọ̀ ojú omi, òun sì rò pé orí omi ni àwọn wà, pé bàbá òun tó ti kú ló ń tu ọkọ̀ náà. Ó ní oorun ń kun òun, òun ò sì fẹ́ kí ọ̀nà náà tán.

Sagbo ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, ọwọ́ lórí irin. Ní ibi tí ọ̀nà kọ́kọ́ ti bàjẹ́, ó rí kòtò níwájú táyà ọ̀tún, ó nawọ́ sí i, ó ní dẹ̀dẹ̀. Sùlàímọ́nù dúró. Ó sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú páǹpù, ó fún táyà ọ̀tún ní afẹ́fẹ́ díẹ̀, ó padà sídìí sítíárìn. Sagbo ìbá ti rí i lọ́jọ́ mìíràn. Gbogbo ayé rẹ̀, kò gbé ojú kúrò lára táyà rí. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mọ́tò bá ti dúró lọ́jọ́ náà, ó ń gbójú sókè wo Grace bó ṣe fi orí ti ẹ̀gbẹ́ àga, tí ojú rẹ̀ ń pa dé, tó ń là. Etí rẹ̀ gbọ́ páǹpù. Ó rò pé bí àwọn ará Ẹ̀pẹ́ ṣe máa ń tọ́jú mọ́tò nìyẹn. Wọ́n bá tún gbéra. Ó tún rí kòtò. Dẹ̀dẹ̀. Sùlàímọ́nù tún sọ̀kalẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń bá a lọ nìyẹn títí dé Aradagun, oòrùn sì ń mú bọ̀, táyà ọ̀tún sì ń yó sí i.

Èmi wà ní Aradagun lọ́jọ́ náà, mo ń to ìlà ọṣẹ. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé iwájú nígbà tí mo rí mọ́tò náà tó ń yọ nínú ọyẹ́. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀, nítorí bí bàbá mi ṣe sọ ọ́ gan-an ló ṣe rí. Àwọn ṣọ́jà tó wà ní ibi àyẹ̀wò dá wọn dúró. Sájẹ́ǹtì wọn, ọ̀dọ́kùnrin gíga kan tó wá láti òkè ọya, yí mọ́tò náà po, ó ń wò ó bí ẹni tí ìyá àgbà rẹ̀ jí dìde. Ó fi Píjìn béèrè ìwé mọ́tò. Sagbo ní nígbà tí wọ́n ṣe mọ́tò yìí, wọn ò tíì ṣe ìwé. Sájẹ́ǹtì fi bàtà gbá táyà ọ̀tún, ó ní ó le bí òkúta. Sagbo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rò pé ó ń yin òun ni.

Wọ́n jẹ́ kí wọ́n lọ. Wọn ò tíì yà sí ọ̀nà Iworo tán tí táyà náà fi bẹ́.

Mo ti gbọ́ ìró ìbọn láyé mi. Mo ti gbọ́ àrá. Ìró táyà yẹn, gbogbo ẹyẹ tó wà lórí igi àgbọn láti Aradagun ló fò lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì rékọjá ibodè bọ́ sí ìhà Kútọnu láìmú ìwé ìrìnnà dání. Àwọn ṣọ́jà wa ti dùbúlẹ̀ kí àwa tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n rò pé ọ̀tá ti dé, tàbí pé ìjọba mìíràn tún ti gba ìjọba. Nígbà tí wọ́n dìde, inú ń bí wọn, nítorí gbogbo ìlà ọṣẹ ló rí bí wọ́n ṣe dùbúlẹ̀. Sájẹ́ǹtì kígbe pé kí gbogbo èèyàn dojú bolẹ̀. Gbogbo wa dojú bolẹ̀. Sùlàímọ́nù dojú bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ páǹpù rẹ̀. Sagbo nìkan ló ṣì ń rìn. Ó rìn yí ẹ̀yìn mọ́tò náà po láìsáré, títí ó fi dé ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn Grace. Ibẹ̀ ló wá dùbúlẹ̀ sí, ó na ara rẹ̀ gbọọrọ, ó sì dojú bo eruku.

Sájẹ́ǹtì na ìbọn sí Grace, ó ní kí òun náà sọ̀kalẹ̀.

Ojú Grace wà lórí ilẹ̀ pupa. Èmi tí mo wà nílẹ̀ mọ ohun tó ń rò, gbogbo ìlà ọṣẹ ló mọ̀ ọ́n, nítorí a ti gbọ́ àdéhùn náà tán láti Agbalata. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kan ilẹ̀, ó parí. Bí kò bá sọ̀kalẹ̀, ìgbà ológun ni, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀. Sájẹ́ǹtì tún un sọ. Grace ṣí ilẹ̀kùn, ó gbé ẹsẹ̀ kan jáde, ẹsẹ̀ náà sì dúró lófuurufú.

"Grace, ẹ̀yìn mi rèé," Sagbo sọ nínú eruku. "Bọ́ sí i."

"Bàtà mi gogoro, Bọ̀dá Sagbo."

"Mo ti rí i. Sọ̀kalẹ̀."

Ó sọ̀kalẹ̀ sí i. Ó gbé ẹsẹ̀ kan lé e, ó gbé ìkejì lé e, ó di mọ́tò mú, ó sì nàró sórí ẹ̀yìn ọkùnrin náà nínú aṣọ búlúù. Sagbo kérora, ó sì tún sé ẹnu rẹ̀. Sájẹ́ǹtì sún mọ́ wọn. Ó béèrè irú ọ̀rọ̀ wo nìyí. Grace fi Píjìn sọ ọ́ fún un láti orí ẹ̀yìn Sagbo, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sọ ti Mákánjú, ó sọ ti orin àwọn ọmọdé, ó sọ ti ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀. Sájẹ́ǹtì wo táyà tó fà ya. Ó wo bàtà gogoro. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ojú Sagbo. Mo rí i tí èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, mo rò pé ìbínú ni, àṣé ẹ̀rín ni. Ó ní kí obìnrin náà yára padà sínú mọ́tò kí ọkọ rẹ̀ tó kú, pé òun ò ní ààyè òkú lónìí.

Bí Grace ṣe padà wọlé láìtẹ ilẹ̀ nìyẹn. A dìde, a gbọn eruku nù. Ṣùgbọ́n kò sí sípéà, kò sì sí irú táyà yẹn láyé mọ́. Sagbo kúnlẹ̀ tì í, ó ń fi ọwọ́ pa ibi tó ya. Ó béèrè lọ́wọ́ Sùlàímọ́nù pé irú afẹ́fẹ́ wo ló fún un.

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n fún un, ẹ̀gbọ́n," Sùlàímọ́nù fèsì. "Gbogbo ìgbà tí ẹ ní ó dẹ̀ ni mo sọ̀kalẹ̀."

"Ta ló ní ó dẹ̀? Mo ní kí o rọra ni."

"Ẹ ò mẹ́nu kan rọra rárá. Dẹ̀dẹ̀ lẹ ń sọ láti àárọ̀."

Inú mọ́tò la ti kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀rín. Grace rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀, àwa ọmọ Gun tó wà lórí ìlà bá gbè é, àwọn Yorùbá béèrè ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín, a sọ ọ́ fún wọn, àwọn náà bọ́ sí i. Sájẹ́ǹtì tí kò gbọ́ ọ̀kankan nínú èdè méjèèjì rẹ́rìn-ín jù.

Grace ló wá nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, níbi tí wọ́n kó èèpo àgbọn jọ sí bí òkìtì. Ó ní bí afẹ́fẹ́ ò bá sí, kí wọ́n rọ́ nǹkan mìíràn sí i. A fi jáàkì gbé mọ́tò náà sókè pẹ̀lú Grace nínú rẹ̀, ó ń mì lókè bí ẹni wà lórí ìgbì. A fi òkúta lu èèpo àgbọn, a fa irun rẹ̀ yọ, a rọ́ ọ sínú táyà, a fi okùn ìpẹja dì í yípo. Ìlà ọṣẹ tú ká. Ṣọ́jà ń fa irun àgbọn, èmi náà ń fà á. Grace ń sọ láti òkè pé kí a rọ́ ọ le sí i, pé apá kan ti wú ju apá kejì lọ, pé ṣé bí wọ́n ṣe ń rọ ìrọ̀rí nílé wa nìyẹn.

Èmi náà tẹ̀lé wọn lọ. Lọ́nà Iworo, ọ̀sán ti ń rọ̀, ọyẹ́ sì tún ti ń padà sọ̀kalẹ̀ sáàárín àwọn igi. Mọ́tò náà ń tiro. Bí táyà àgbọn bá ti yí dé apá tó wú, Grace á ga sókè díẹ̀, á sì tún rọlẹ̀, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbé pọ̀n tí wọ́n ń rẹ̀ lẹ́kún. Sùlàímọ́nù rọra wà á débi pé labalábá kan bà sórí fìtílà iwájú, ó sì bá wa dé Iworo. Sagbo ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó tẹ̀ díẹ̀. Kò wo táyà, kò sì wo Grace. Iwájú ló ń wò. Àwọn ọmọdé Iworo jáde sí wa, wọ́n la ẹnu láti kọrin, wọ́n wá rí i pé ìyàwó náà wà lókè, wọn ò mọ èyí tí wọ́n máa kọ.

Sùlàímọ́nù wà á títí ẹ̀gbẹ́ mọ́tò fi kan ọ̀dẹ̀dẹ̀ Zipporah. Ìyá náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí. Ìròyìn ti ṣáájú wa débẹ̀, kò sì dára. Wọ́n ti sọ fún un pé táyà bẹ́, pé ṣọ́jà fi ìbọn sọ ọmọ rẹ̀ kalẹ̀ ní Aradagun. Grace gba inú mọ́tò tẹ sìmẹ́ǹtì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá rẹ̀ ò dì mọ́ ọn.

"Wọ́n ní o sọ̀kalẹ̀," ó ní. "Ṣé ẹsẹ̀ rẹ kan ilẹ̀?"

Sagbo dúró nísàlẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì tẹrí ba. Gbogbo wa ń dúró de Grace.

"Màmá," Grace ní, "ẹ yí i padà, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀."

Zipporah di Sagbo ní èjìká, ó yí i padà. Àmì bàtà méjèèjì wà lórí ṣẹ́ẹ̀tì funfun náà, wọ́n hàn kedere nínú eruku pupa, gìgísẹ̀ sì ti lu aṣọ jinlẹ̀. Ìyá náà wò ó pẹ́. Ó fi ìka tọ ọ̀kan nínú wọn, Sagbo sì fò sókè nítorí ìrora.

"Wọlé, kí n fi òróró pa á fún ọ," Zipporah sọ.

Sagbo jókòó sórí àpótí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, Zipporah sì ń fi òróró àgbọn gbígbóná pa á lẹ́yìn, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé. Grace dúró wò wọ́n díẹ̀. Ó wá jókòó sórí àkàsọ̀, ó bọ́ bàtà gogoro náà lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, ó bọ́ ti òsì, ó tì wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó gbé ẹsẹ̀ lásán lé iyanrìn ilé wọn, ó sì lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń pe ẹbí bàbá rẹ̀ kí wọ́n wá rí ọkọ òun.